BLO: Ẹgbẹ́ akọrin tí Èkó bí, tí Èkó gbàgbé
*Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Lekki lórí àwọn tó kọ orin rọ́ọ̀kì ní 1973

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kọjá Ajah lóde òní yóò rí i pé ojú ọ̀nà náà kò mọ ìsinmi mọ́. Láti ìgbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ti ṣí èbúté ńlá Lekki ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, tírélà ń tẹ̀lé tírélà ni. Ilé ìfọpo Dangote kò jìnnà síbẹ̀. Níbi tí àwọn bàbá ńlá àwọn ọmọ Ìbẹ̀jú ti ń pa ẹja, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbọn, omi tó jìn tó mítà 16.5 ni wọ́n ti gbẹ́ síbẹ̀ báyìí, kí àwọn ọkọ̀ ojú omi tí kò lè wọ Apapa lè rí ibi gúnlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ẹrù àti owó ọkọ̀ ló gbé akọ̀ròyìn wa dé agbègbè náà. Ṣùgbọ́n, àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ohun tí akọ̀ròyìn wa bá pàdé ní ìsọ̀ ìyá olóúnjẹ kan níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù rárá. Àríyànjiyàn ni, ó sì gbóná ju ọbẹ̀ orí iná lọ. Orí ẹgbẹ́ akọrin kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò rántí mọ́ ni wọ́n ti ń jà, ìyẹn BLO.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń dúró kí wọ́n pè wọ́n wọlé láti gbẹ́rù ti kún ìsọ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru náà wà níbẹ̀, ojú oorun ṣì wà lójú wọn. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kírénì, gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tan orin kan. Gìtá ló ń ké nínú rẹ̀, ìlù sì ń tẹ̀lé e.

Awakọ̀ kan tó jókòó lódìkejì yọ ọwọ́ nínú ọbẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà jọ̀wọ́ pa ariwo òyìnbó yẹn, kí ó wá Shina Peters fún àwọn, kí oúnjẹ lè dà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fèsì pé kì í ṣe òyìnbó ló ń lu ohun tí wọ́n ń gbọ́ yẹn, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, Èkó níbí ni wọ́n sì ti lù ú.

Ibẹ̀ ni bàbá kan tó ti jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ ti gbé orí sókè. Bàbá náà, tó ti lé ní ẹni ọdún 70, ní kí a má dárúkọ òun sínú ìwé ìròyìn. Ọmọ bíbí abúlé kan nítòsí èbúté náà ni. Ní àwọn ọdún 1970, akọ̀wé ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Apapa.

“Ọmọ mi, ta ló sọ orúkọ àwọn yẹn fún ọ?” Bàbá ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Orí fóònù ni mo ti rí wọn, sà,” ọmọ náà dáhùn, ó sì tẹ̀ ba díẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. “BLO ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n ní láti 1973 ni wọ́n ti kọ ọ́.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó mi orí. “Owó oṣù mi ni mo fi ra àwo wọn àkọ́kọ́. Ó ṣì wà nílé di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.”

Bí iná ṣe ràn nìyẹn. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ẹni tó rántí oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ mọ́.

TA NI WỌ́N Ń PÈ NÍ BLO?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ tó di BLO. B ni Berkley Ike Jones tó ń ta gìtá. L ni Laolu Akintobi, tí àwọn ènìyàn wá mọ̀ sí Laolu Akins, tó ń lu dírọ́ọ̀mù. O ni Mike Gbenga Odumosu, tó ń ta gìtá olóhùn ńlá tí òyìnbó ń pè ní béèsì.

Kí wọ́n tó dá BLO sílẹ̀ ní 1972, ọwọ́ wọn ti yá nídìí orin. Ní àwọn ọdún 1960, Berkley àti Laolu wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Clusters. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà nítorí pé wọ́n mọ orin àwọn Beatles kọ débi pé ẹni tó bá di ojú lè rò pé àwọn ará Liverpool gan-an ló wà lórí ìtàgé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá àwọn ìbejì Lijadu, Taiwo àti Kehinde, ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ Afrocollection.

Nígbà tó yá, Ginger Baker dé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà lè rántí òyìnbó onílù yìí. Òun ló ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream ní London kí ẹgbẹ́ náà tó túká ní 1968. Ní 1971, ó wọ mọ́tò Land Rover, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì wá sí Èkó. Ó bá Fela ṣeré. Ó tún kó àwọn akọrin Nàìjíríà jọ sínú ẹgbẹ́ kan tó sọ ní Salt, Berkley, Laolu àti àwọn ìbejì Lijadu sì wà lára wọn. Ní 1972, Ginger Baker àti àwọn ìbejì Lijadu ṣeré ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, lásìkò tí ìdíje Òlíńpíìkì ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Salt kò pẹ́ láyé. Nígbà tó túká, Berkley àti Laolu fa Odumosu mọ́ra, BLO sì di ẹgbẹ́.

Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, orin tí gìtá oníná ti jẹ́ ọba ni rọ́ọ̀kì. Wọ́n máa ń fi iná mànàmáná fún ohùn gìtá náà lágbára, wọ́n á jẹ́ kó ya, kó máa hó bí omi orí iná, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ Jimi Hendrix ti fi han ayé. Àwọn mẹ́ta yìí mú un, wọ́n sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i nídìí.

Ilé iṣẹ́ EMI ló gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Ibi tí EMI ti ń gba orin sílẹ̀ nígbà náà wà ní òpópónà Wharf Road ní Apapa, ẹ̀gbẹ́ èbúté. Ibẹ̀ náà ni Paul McCartney, ọ̀kan lára àwọn Beatles, wá ní ọdún 1973 yìí kan náà láti gba lára orin inú àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Band on the Run sílẹ̀. Bàbá ní òun àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ òun máa ń gba iwájú ilé náà kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ó ní àwọn kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ yóò di ìtàn.

Lẹ́yìn EMI, BLO lọ sí Afrodisia, tó jẹ́ ti Decca. Phase II, Step Three àti Phase IV jáde láàrin 1975 sí 1976. Bulky Backside tẹ̀lé wọn ní 1979, Back in Time sì jáde ní 1982. Nígbà tó fi máa di àkókò yẹn, Odumosu ti bá ẹgbẹ́ Osibisa ní London ṣiṣẹ́. Àwo tí wọ́n ṣe ní 1982 yẹn ni wọ́n fi parí rẹ̀.

ÌJÀ PÍN SÍ Ọ̀NÀ MẸ́TA

Nínú ìsọ̀ náà, ohun tí akọ̀ròyìn wa kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kì í ṣe ìjà kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà.

Ìjà kìn-ín-ní ni bóyá orin BLO jẹ́ tiwa rárá. Awakọ̀ tó fẹ́ Shina Peters ló gbé e dìde. Ó ní orin tí wọn kò lè fi sọmọ lórúkọ, tí wọn kò lè fi ṣe òkú àgbà, tí ìyá ẹni kò lè jó sí, orin àjèjì ni. Ó ní Ebenezer Obey àti Sunny Ade náà ń lo gìtá, ṣùgbọ́n wọ́n wọ agbádá fún un kí wọ́n tó mú un wọ agbo.

Bàbá kò gbà. Ó ní ṣé I.K. Dairo tó gbé akọ́díọ̀nù òyìnbó wọ inú jùjú kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni? Ó ní gbogbo ohun èlò ló ti ibì kan wá. Ọwọ́ tó ń lù ú ni kí a máa wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti kàn án.

Ìjà kejì ni ti ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ pọ̀ jù láàrin àwọn tí ayé gbàgbé. Ìyá olóúnjẹ fúnra rẹ̀, tó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí òun sí, gbé ìgbakọ sílẹ̀, ó sì dá sí i. Ó ní tí a bá fẹ́ sunkún, kí a kọ́kọ́ sunkún àwọn obìnrin. Ó ní ta ló ṣe bíi Taiwo àti Kehinde Lijadu?

Ọ̀rọ̀ ìyá náà kì í ṣe àwàdà. Jos ni wọ́n ti bí àwọn ìbejì náà ní 1948, ìlú Ìbàdàn ni wọ́n sì dàgbà sí. Láàrin ọdún mẹ́rin péré, wọ́n gbé àwo mẹ́rin jáde: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, àti Horizon Unlimited ní 1979. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ orin wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wà nídìí iṣẹ́ orin kò ka obìnrin sí ju ẹni tí ń gbe orin lẹ́yìn lọ. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Kehinde papò dà ní oṣù kọkànlá ọdún 2019.

Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má gbàgbé Monomono ti Joni Haastrup, tó ṣe Give the Beggar a Chance. Ẹlòmíràn tún dárúkọ Ofege, àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory’s College ní Obalende, tí wọ́n gbé Try and Love jáde ní 1973 nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ iléèwé.

Ìjà kẹta wà láàrin àwọn tó fẹ́ràn BLO fúnra wọn. Ọmọ orí kírénì ní Chapter One nìkan ni ojúlówó, nítorí pé gìtá rọ gìtá níbẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní tòun yàtọ̀, ó ní àwọn àwo tó jáde lẹ́yìn náà ló dára jù, torí pé ènìyàn lè jó sí wọn. Èkínní ní ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé ijó ni wọ́n sọ ara wọn nù. Èkejì ní akọrin tí kò jẹ́ kí ènìyàn jó, kí ló ń kọrin fún?

Bàbá gbọ́ wọn tán, ó ní ẹ̀yin ọmọdé òní ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ebi kì í pa akọrin. Ó ní nígbà tí dísíkò wọ Èkó, ẹni tí kò bá lu ohun tí ọmọge lè jó sí kò ní rí ẹni pè é sóde. Ó ní kì í ṣe pé BLO sọnù, ọjà ló yí padà.

KÍ LÓ DÉ TÍ ORÚKỌ WỌN KÒ FI RÒKÈ?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ìjà náà rọ̀ mọ́. Tí a bá wo bí òwò orin ṣe rí ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà.

Lákọ̀ọ́kọ́, owó orin nílẹ̀ wa kì í ti inú àwo nìkan wá. Òde àríyá ni owó wà. Akọrin jùjú àti ti fújì á pe orúkọ olówó, á ki í, á ki bàbá rẹ̀, olówó á sì dìde náwó sí i lórí. BLO kò ki ẹnikẹ́ni. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ púpọ̀ nínú orin wọn, àwọn ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ fún. Ọ̀dọ́ fẹ́ràn orin, ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni pé ohun èlò wọn wọ́n. Onídùndún lè gbé ìlù rẹ̀ kọ́ èjìká wọ abúlé. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì nílò iná mànàmáná, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, àti ọkọ̀ tí yóò kó gbogbo rẹ̀. Bí iná bá lọ, eré parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí orúkọ wọn kò fi kúrò ní ìlú ńlá wọ oko.

Ẹ̀kẹta ni ti ọrọ̀ ajé. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ ti gba ọjà. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Gìtá tuntun, okùn gìtá, awọ dírọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Ẹgbẹ́ tó bá gbára lé wọn kò lè dìde mọ́.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ibí ni bàbá yíjú sí awakọ̀ tó fẹ́ Shina Peters.

“Ìwọ, ọmọ mi, o fẹ́ràn Ace?”

“Bàbá, ẹ má bi mí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1989 tó jáde, àwa la sọ gbogbo gáréèjì di òde ijó.”

“Ta ló jókòó ti Shina Peters nígbà tí wọ́n ń gba Ace sílẹ̀? Ta ló darí bí ohùn gbogbo ìlù yẹn ṣe jáde?”

Awakọ̀ kò mọ̀ ọ́n.

“Laolu Akins ni. L tó wà láàrin BLO. Ariwo òyìnbó tó o ní kí ọmọ yìí pa ló kọ́ ọwọ́ tó ṣe Ace.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Lẹ́yìn tí BLO túká, Laolu Akins di ẹni tó ń darí ìgbàsílẹ̀ orin fún àwọn ẹlòmíràn, òun ló sì wà nídìí Ace, àwo tó sọ Shina Peters di ọba afro-jùjú. Gbogbo ẹni tó jó lọ́dún náà, ọwọ́ ọmọ BLO ló jó sí láìmọ̀. Awakọ̀ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ orí kírénì tún orin yẹn tàn, kí òun gbọ́ ìlù rẹ̀ dáadáa.

ÒKÈ ÒKUN RÁNTÍ WỌN KÍ ILÉ TÓ RÁNTÍ

Ohun tó ń dun bàbá jù lọ ni pé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ wá wọn kiri. Ní 2001, ilé iṣẹ́ Strut ní London ṣa orin BLO jọ sínú àwo kan tó pè ní Phases 1972–1982. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Soundway tó wà ní London náà gbé àkójọ Nigeria Rock Special jáde. Ní 2016, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Uchenna Ikonne bá ilé iṣẹ́ Now-Again ní Amẹ́ríkà kó àkójọ Wake Up You! jáde lọ́nà méjì, pẹ̀lú ìtàn àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Nàìjíríà tó kọ sílẹ̀. Ní 2024, ilé iṣẹ́ Numero Group ní Chicago tún Horizon Unlimited ti àwọn Lijadu gbé jáde. Kehinde kò sí láyé mọ́ nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀.

Òkìkí tó ń bọ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, èrè kí ni ó ń ṣe fún ẹni tó ṣe iṣẹ́? Òfin ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ nílẹ̀ wa ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ẹni tó kọ orin, tó ronú ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀tọ́ náà á sì wà fún àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ìyẹn àwo fúnra rẹ̀, 50 ọdún ni. Ẹ fi 50 kún 1973, ẹ ó rí i pé àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́, tí kò mọ ẹni tó ni kí ni, yóò kàn máa gbọ́ orin ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn ni. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

ÀWO TÓ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ

Gbogbo ènìyàn ti rò pé ọ̀rọ̀ parí, kí bàbá tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní oṣù kan ṣẹ́yìn, ọkùnrin kan wá láti ìgboro Èkó, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè àwọn àwo àtijọ́. Àwọn òyìnbó tó ń kó wọn jọ ló ń rà á fún. Nígbà tó rí Chapter One lọ́wọ́ bàbá, ó dárúkọ owó kan tó mú kí ọmọ bàbá fò dìde lórí ìjókòó. Ọmọ náà ní kí bàbá tà á kíá, nítorí pé òrùlé ilé ń jò, àwo náà kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

“Kò sì parọ́,” ni bàbá sọ. “Gírámáfóònù mi ti bàjẹ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbọ́ àwo náà rí. Àárọ̀ òní ni mo tún gbọ́ ọ, lórí fóònù ọmọ yìí.”

Ìsọ̀ náà pa rọ́rọ́. Bàbá tó ni àwo kò rí ohun tí yóò fi gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń gbọ́ orin náà lójoojúmọ́ kò fojú kan àwo náà rí.

Ìjà tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Awakọ̀ ní kí bàbá tà á, torí pé àgbà kò gbọ́dọ̀ sùn sínú òjò nítorí orin. Ìyá olóúnjẹ ní kí ó má tà á, ó ní ohun gbogbo ló ti ń gba èbúté yìí jáde, kí ó jẹ́ kí nǹkan kan kù sílé. Ọmọ orí kírénì kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó rọra béèrè bóyá bàbá lè jẹ́ kí òun kàn wò ó.

Akọ̀ròyìn wa bá wọn dé ilé náà, kò jìnnà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bàbá ti fa àpótí pákó kan jáde. Aáyán ti jẹ etí páálí àwo náà, òjò ti kàn án ní igun kan, ṣùgbọ́n àwo dúdú inú rẹ̀ ṣì ń dán. Bàbá ti fi báírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò kó tó gbà á, ó sì fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Ọmọ bàbá, ẹni tó ní kí wọ́n tà á, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ó bi ọmọ orí kírénì pé kí ló wà nínú orin yẹn gan-an. Ọmọ náà tan fóònù rẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbọ́ ojú kìn-ín-ní àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Nígbà tí gìtá Berkley gòkè, ó di ojú.

Akọ̀ròyìn wa bi bàbá bóyá yóò tà á.

“Òrùlé ń jò lóòótọ́,” ni bàbá wí. “Bóyá màá tà á lọ́jọ́ kan. Tí n kò bá sì tà á, ọmọ mi á tà á lẹ́yìn mi. N kò bínú sí i. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni pé kí ó mọ ohun tó ń tà.”

Ẹ̀YIN ÒǸKÀWÉ WA, Ẹ YẸ ÀPÓTÍ YÍN WÒ

Ó dá wa lójú pé kì í ṣe bàbá yìí nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní àwo àtijọ́ nínú àjà tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò di dandan kó jẹ́ BLO. Ó lè jẹ́ àpàlà, sákárà, háílàìfù, tàbí orin ẹgbẹ́ kan tí kò ṣe ju àwo kan lọ. Ẹ má fi wọ́n ṣe ìdérí agbada mọ́. Ẹ má tò wọ́n lélẹ̀ lórí ara wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lóòró bí ìwé. Ẹ má sá wọn sóòrùn, nítorí pé ooru máa ń ká wọn. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi nù wọ́n, kì í ṣe ọwọ́ ọlọ́bẹ̀. Tí ẹni tó fẹ́ rà á bá sì dé, ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín jókòó, kí ẹ sọ fún un ẹni tó kọ orin náà, ibi tí ẹ ti rà á, àti ẹni tí ẹ bá jó sí i.

Tà á ni o, má tà á ni o, ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ṣùgbọ́n ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Nígbà tí akọ̀ròyìn wa ń padà sí ìgboro, tírélà awakọ̀ olólùfẹ́ Shina Peters náà ti rí àyè wọlé. Ó na ọwọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó kí wa. Ó ní òun ti ní kí ọmọ orí kírénì fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù òun, kí òun lè máa gbọ́ ọ títí dé Kánò.